Bí mo ṣe di nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ lẹ́yìn àárẹ̀ tó ṣe èmi náà

Ìyà tó jẹ mí kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo fẹ́ fi ìyẹn ṣáájú, nítorí àwọn tó bá gbọ́ ìtàn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rò pé ohun tí ojú mi rí ló fún mi ní ọgbọ́n tí mo fi ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà wù mí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ilé-ìwé ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí kò gbọ̀jẹ̀gẹ́, àti lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tí ìrora wọn jọ tèmi àmọ́ tí kì í ṣe tèmi.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo dé sí, ní agbègbè Prince George's tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra ṣọkọ àti pọ̀nmọ́ láìrìn jìnnà sílé. Kí láísẹ́ǹsì mi tó jáde, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ṣe NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó gba láísẹ́ǹsì níbí, mo yege, mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ òru ni wọ́n fún mi, aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀ torí pé owó òru máa ń lé díẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ.

Ẹnu iṣẹ́ òru yẹn ni mo wà tí mo fi lóyún ọmọ mi kejì.

Ìyá mi ló yẹ kó wá bá mi tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n kò rí físà gbà. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ méjì. Èmi, ìkókó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì lè dá wọ bàtà la máa ń wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò gbé omi gbígbóná kaná fún mi, kò sẹ́ni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n lè rẹjú, kò sì sí àgbà tí yóò wò mí lójú kó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú rẹ kò dáa o."

Ohun tó ṣe mí kò kọ́kọ́ jọ ìbànújẹ́. Orí mi ló ń gbóná. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ awọ orí mi, láti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú. Àyà mi ń já. Ọmọ á sùn, èmi kò ní rí oorun. Màá dùbúlẹ̀, màá máa tẹ́tí sí bó ṣe ń mí, màá dìde lọ wò ó, màá tún padà wá dùbúlẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kò ga. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú ìyálọ́mọ. Mo ti kà á, mo ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ìmọ̀ yẹn kò ràn mí lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í rí i bí àìsàn. Bí òótọ́ ló ṣe máa ń rí lójú rẹ̀. Òótọ́ tí èmi rí ni pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ì bá dára jù fún ọmọ yìí.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní, nítorí bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n sì ń fọ aṣọ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ń sùn.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún ìyálọ́mọ. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tó ní ìbéèrè mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń pè ní Edinburgh. Láti 1987 ló ti jáde, àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà náà sì ti dán an wò láàárín àwọn ìyálọ́mọ wa, wọ́n rí i pé ó wúlò. Ìbéèrè kẹwàá ló ń béèrè bóyá èèyàn ti ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti mú. Mo fàmì sí "nígbà mìíràn." Agbẹ̀bí tó gba ìwé náà kà á, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga sún mọ́ mi, ó sì jókòó. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti bá mi pe nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ tí kò jìnnà.

Obìnrin Jàmáíkà ni nọ́ọ̀sì náà. Nurse practitioner ni wọ́n ń pe irú wọn níbí: nọ́ọ̀sì tó kàwé kún ìwé débi pé ó lè yẹ aláìsàn wò, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó kọ oògùn fún un, kó sì máa bójú tó o lọ. N kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ́jú ọpọlọ. Ó bi mí bóyá mo máa ń rí oorun sùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Ó bi mí bóyá ìgbà kan ti wà rí tí n kò sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí kò sì rẹ̀ mí, tí mo ń náwó, tí mo ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó ní bí àìsàn tó máa ń gbé èèyàn sókè sódò bá wà lára ẹni, tí wọ́n sì fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn náà lè gbé e sókè kọjá ààlà. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi wo tairọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, nítorí ó máa ń dàrú lẹ́yìn ìbímọ, á sì jọ ìrẹ̀wẹ̀sì gan-an. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé wa. Mo ní rárá. Ó ní kí n ṣáà pe ìyá mi.

Ìyá mi dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ló ní kí n bi yín."

Ìgbà náà ló tó sọ ọ́. Lẹ́yìn tó bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ó ṣe àbísínwín. Ilé oníṣègùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fún un ní àgbo asofẹ́yẹjẹ mu, ó sì ń sùn. Nígbà tí oorun yẹn kò mú un padà bọ̀ sípò, ìyá rẹ̀ tú u sílẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, òun náà sì dúró tì í níbẹ̀.

Àwa ọmọ Abẹ́òkúta mọ Aro, ṣùgbọ́n bí èébú la ṣe mọ̀ ọ́n. "Wọ́n á gbé ọ lọ sí Aro!" la máa ń sọ síra wa níléèwé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ara ìyá mi ti yá. Bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ́ wa pé gbogbo ayé ló wá wo ohun tí Thomas Adeoye Lambo ń ṣe níbẹ̀ láti 1954. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ó padà wálé, ó sì rò ó pé kò yẹ kí a máa ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn onílé ní àwọn abúlé tó yí Aro ká, kí ẹbí kan wà pẹ̀lú olúkúlùkù wọn, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti kárí Áfíríkà ti pé jọ ṣèpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lambo padà di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ìyá ìyá mi kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ òun jẹ láfún òun ní yàrá tí wọ́n háyà fún wọn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ rẹ̀.

Ìtàn yẹn yí ìtọ́jú mi padà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ṣe àbísínwín rí wà nínú ewu rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà ń rí mi níbẹ̀rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní sertraline, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa ń bọ́ sínú ọmú, torí náà mo ń fún ọmọ lọ́mú lọ. Ó sọ fún mi pé inú lè máa rú mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pé oorun ni yóò kọ́kọ́ padà, pé ọkàn yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fúyẹ́. Ó pe ọkọ mi wọlé, ó sì fún òun náà ní tirẹ̀: kí ó gba ọmọ lóru kí n lè sun wákàtí márùn-ún láìjí. Ọkọ mi fi ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Owó kò tó wa nígbà yẹn, a ta mọ́tò kan. Oorun sì padà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Bí ara mi ṣe mókun ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iṣẹ́ obìnrin yìí. Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver tó jẹ́ dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nurse practitioner ní yunifásítì Colorado ní 1965, fún títọ́jú àwọn ọmọdé níbi tí dókítà kò pọ̀. Nínú ìtọ́jú ọpọlọ, Hildegard Peplau tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ gíga ní yunifásítì Rutgers láti ọdún 1954, ọdún kan náà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Aro. Ó wú mi lórí nígbà tí mo rí i. Ní Maryland, láti 2015, nurse practitioner kò nílò kí dókítà fọwọ́ sí ìwé kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní láti ní olùtọ́sọ́nà fún oṣù méjìdínlógún. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Texas, nurse practitioner ní láti ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà.

Ẹ̀kọ́ náà gùn. Mo kọ́kọ́ gba oyè kìíní nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n tó wọ oyè kejì. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wúwo jù: bí àìsàn ṣe ń ba ara jẹ́, bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ìṣe, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 500 nígbà tèmi, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ẹ tó sanwó sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló máa bá yín wá ẹni náà tàbí ẹ̀yin fúnra yín, torí mo mọ àwọn tó ti parí gbogbo ẹ̀kọ́ inú kíláàsì tí wọ́n sì jókòó sílé nítorí pé wọn kò rí ẹni tó máa gbà wọ́n. Ìdánwò ANCC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé ẹ̀rí, ló gbẹ̀yìn. Mo yá owó. Mo kúrò ní wọ́ọ̀dù tí mo wà, mo lọ sí wọ́ọ̀dù àìsàn ọpọlọ, kí ojú mi lè máa rí ohun tí mò ń kà.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ gbọ́ ìtàn mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò kí mi kú oríire. Ó ní, "Nígbàkígbà tí aláìsàn bá ti jọ ọ́, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì." N kò lóye rẹ̀ dáadáa títí di ìgbà tí obìnrin kan wọlé. (Mo ti pa ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá àwọn aláìsàn mi mọ̀ dà.) Ọmọ Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì, ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, kò rí oorun sùn, ó sì ń sunkún. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé mo mọ̀ ọ́n. Mo béèrè ohun tí wọ́n kọ́ mi: ṣé ó rẹ̀ yín? Ó ní rárá. Ó ní òun kò tíì ní okun tó báyìí rí láyé òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé ara wọn. Ọkọ rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru ni òun bá a tó ń fọ ògiri, àti pé ó ń sọ pé wọ́n rán ọmọ náà níṣẹ́ kan sí ayé.

Àbísínwín ló ń bọ̀ yẹn. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó bímọ, ẹyọ kan tàbí méjì ló máa ń ṣe, kì í sì í dúró de ọ̀la. Bí mo bá fi àárẹ̀ tèmi wọn tirẹ̀, oògùn tó wo èmi sàn ni ǹ bá fún un, oògùn náà ì bá sì tì í sínú iná. Ilé ìwòsàn ni a gbé e lọ nírọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n fi lithium, oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, tọ́jú rẹ̀, ó dáwọ́ ọmú dúró nítorí rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà "ó ti ṣe mí rí" lẹ́nu àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tó ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n mú Màmá kan wá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń túmọ̀. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé ó ní kòkòrò wà nínú orí òun, wọ́n sì ti fún un ní risperidone tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ń rí ohun tí kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti le, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo bẹ ọmọ rẹ̀ kó dúró sí ìta. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín, kí ló ń ṣe yín?"

Ó ní, "Orí mi ló ń gbóná, ọmọ mi. Nǹkan ń rìn níbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ ni."

Ó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ, ó sì pẹ́ níbí ju bí wọ́n ṣe sọ fún un lọ. Wọ́n sin ọkọ rẹ̀ nílé lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì rí ibojì náà. Kò sí kòkòrò kankan tó ń rí. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọ̀fọ̀ ló ń bá a jà, orí ló sì ti ń mú un, bó ṣe máa ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. N kò fi mọ síbẹ̀ o. Mo ní kí wọ́n wo tairọ́ọ̀dù rẹ̀ àti fítámì B12, mo béèrè àgbo tó ń mu. Àgbo jẹ́ ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá láìfi tẹ̀gàn, torí pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì sí i. A dín risperidone kù díẹ̀díẹ̀ títí a fi yọ ọ́, a fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mirtazapine lálẹ́. Oorun dé, oúnjẹ dé. Mo sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀ láti lọ wo ibojì bàbá.

Ohun mìíràn tún wà tí mo máa ń bínú sí, nítorí kò yẹ kó ṣì máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan, oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ran schizophrenia rẹ̀, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Clozapine ló dára jù fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn yẹn lè bá sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ jà, wọ́n sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ti ọmọ rẹ̀ ti kéré jù láti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni a bí pẹ̀lú iye tó kéré bẹ́ẹ̀, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Duffy-null, kì í sì í ṣe àìsàn. Láti 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà kí irú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì 1,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, dípò 1,500 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, a rí i, a bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọdún tó lọ sófo kí á tó dé ibẹ̀ dùn mí.

Àwọn èèyàn wa máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn, pé yóò ba ìwé ìgbélùú àwọn jẹ́. Ẹ̀rù náà ti ilé wá: ó ti pẹ́ tí òfin Nàìjíríà ti ń ka ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, òfin àtijọ́ lórí wèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe la sì ń lò títí ìjọba fi fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní 2023. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi náà lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ọwọ́ mi sì ni àwọn ọmọ mi ti dàgbà. Ẹ̀yìn tí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán ni mo máa ń sọ ọ́, bó bá máa wúlò fún ẹni tó jókòó síwájú mi.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa máa ń pè mí báyìí láti bá àwọn obìnrin àti ọkọ wọn sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ń sùn tí ìyá rẹ̀ kò lè sùn, tí èyí sì ń bá a lọ, ẹ má dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Níbí, nọ́ńbà fóònù kan wà fún àwọn aboyún àti ìyálọ́mọ, 1-833-852-6262, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń dáhùn, ọ̀fẹ́ sì ni. 988 wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyálọ́mọ kò bá sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré, tó ń sọ ohun àjèjì nípa ọmọ, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ má sì dúró de ọjọ́ ìṣọ́ òru. Ẹ gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú mọ́tò.